Àtúnbí kì í ṣe ìròyìn ayọ̀ létí rẹ̀

Inú ẹ̀sìn Búdà ni wọ́n bí ọ̀rẹ́ mi sí. A jọ ń gbé yàrá kan náà nílé ẹ̀kọ́ gíga. Lọ́jọ́ tó ní kí a jọ máa ka Bíbélì, kíá ni mo lọ to àlàyé jọ nípa ère bíbọ. Àṣedànù ni. Ó jẹ́ kí n rò ó tán, ó wá ní àwọn ò pe Búdà ní Ọlọ́run rárá: ènìyàn ni Siddhartha Gautama, olùkọ́ ni, ọ̀wọ̀ làwọn fi ń foríbalẹ̀ fún un. Mo rọra pa ìwé mi dé.

La bá mú Ìhìn Rere Jòhánù, orí kan lọ́sẹ̀. Nígbà tá a dé orí 3, níbi tí Jésù ti bá Nikodémù sọ̀rọ̀, mo fi ẹnu ṣọ́ọ̀ṣì sọ ọ́: "Ìwọ náà á di àtúnbí!" Ojú rẹ̀ yí padà. "Kí n tún padà wá kẹ̀?" Lọ́dọ̀ tiwọn, torí kí wọ́n má baà tún ẹni bí ni gbogbo làálàá. Ìbí, àìsàn, ogbó, ikú, kó tún bẹ̀rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Ìgbà tí iná ìfẹ́kùfẹ́ẹ̀ bá kú lẹni náà bọ́, ìyẹn ni Nirvana. Ohun tí èmi ń pè ní ìròyìn ayọ̀, ẹ̀wọ̀n ni létí tirẹ̀. Mo sáré tọ pásítọ̀ kan tó gbọ́ Gíríìkì lọ. Ó ní anōthen ni Jòhánù kọ, ó lè jẹ́ "lẹ́ẹ̀kejì", ó sì lè jẹ́ "láti òkè wá". Èyí kejì ni mo gbé padà sílé. Ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ìyẹn kọ́ ló mú un.

Orí 9 ló mú un. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rí ẹni tí wọ́n bí ní afọ́jú, wọ́n ní ta ló dẹ́ṣẹ̀, òun ni àbí àwọn òbí rẹ̀? Ọ̀rẹ́ mi fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sábẹ́ ìbéèrè yẹn títí ìwé fi fẹ́ẹ̀ ya. Àbúrò rẹ̀ ò lè rìn látìgbà tí wọ́n ti bí i, àwọn aládùúgbò sì ń sọ pé karma, ìyẹn èrè ìwà, ayé tó ti kọ́kọ́ wá ló ń jẹ. (Mọ́ńkì, ìyẹn àlùfáà Búdà, tó kọ́ ọ ò sọ bẹ́ẹ̀ rí o. Ká má purọ́, mo ti gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu Kristẹni.) Jésù ní kì í ṣe òun, kì í ṣe àwọn òbí rẹ̀. A ò kà kọjá ibẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìgbà tó ní òun fẹ́ ṣèrìbọmi, mo ní kó kọ́kọ́ pe ìyá rẹ̀. Mo bọ́ síta fún un. Wákàtí méjì gbáko. Màmá sunkún, wọ́n wá béèrè bóyá ìlànà márùn-ún ẹ̀sìn Búdà ti parí nìyẹn: má pànìyàn tàbí ẹranko, má jalè, má ṣàgbèrè, má purọ́, má mutí. Ó ní rárá, Mà.

Lọ́jọ́ ìrìbọmi, òwú funfun tí mọ́ńkì fi súre fún un, tó so mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́ nígbà tó ń kúrò nílé ṣì wà níbẹ̀. Pásítọ̀ wò ó, ó wò mí. Mo ní ìyá rẹ̀ ló ní kí wọ́n so ó. Ó dì í mú lápá, ó rì í bọmi tòun ti òwú.