Ìdágbére Tí Mo San Owó Rẹ̀ Lẹ́ẹ̀mejì

185,000 náírà ni mo ná lórí àpèjẹ tí mo fi dágbére fún àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Àkúrẹ́ ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 2023. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, mo ṣì wà ní Àkúrẹ́ náà, mo ń dé fìlà bo ojú lọ ra búrẹ́dì ní alẹ́, kí ẹni tí ó ti gbàdúrà pé kí àjò mi dára má baà pàdé mi lọ́nà. Inú ṣì ń bí mi bí mo ti ń kọ ọ́ yìí.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń lọ láti kàwé gboyè kejì. N kò ní í fa ọ̀rọ̀ gùn lórí àyẹ̀wò ikọ́ ife, ìtẹ̀ka àti ìwé báńkì, nítorí pé ẹni tí ó bá ti dáwọ́ lé irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ ti mọ gbogbo wọn. Owó nìkan ni n óò mẹ́nu bà: 363 pọ́n-ùn fún físà, 705 pọ́n-ùn fún ètò ìlera wọn, nínú ọdún tí ìjọba jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà, tí dọ́là kan tí báńkì ń tà ní nǹkan bí 470 náírà sì fò kọjá 700 kí oṣù náà tó parí. Lẹ́yìn irú ìnáwó bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí ẹni tí orí rẹ̀ pé tún máa gbé ìkòkò ńlá ka iná.

Ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, pa ẹnu rẹ mọ́. Bí o bá dé ọ̀hún, o lè pè wọ́n láti ibẹ̀." Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe é nìyẹn, ṣùgbọ́n méjì nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi ti jápa bẹ́ẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, orí WhatsApp ni a ti kọ́kọ́ rí wọn nínú ẹ̀wù òtútù, mo sì mọ bí ó ti dùn mí tó. N kò fẹ́ fi irú rẹ̀ ṣe ẹlòmíràn.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ímeèlì wọlé pé wọ́n ti ṣe ìpinnu lórí ọ̀rọ̀ mi, pé ìwé ìrìnnà mi sì ti wà lọ́nà. Ímeèlì náà kò sọ bóyá wọ́n fún mi ní físà tàbí wọn kò fún mi. Èmi ni mo fún ara mi ní físà ní alẹ́ ọjọ́ náà, tí mo sì pe àwọn ènìyàn fún Sátidé. Ẹni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo pè, ẹni mẹ́tàlélógójì ni a bù oúnjẹ fún. N kò lè purọ́, ọjọ́ náà dùn: iyán wa kò ní kókó kankan, àwọn ọ̀rẹ́ mi dá owó jọ fún mi, omi sì bọ́ lójú ẹni tí n kò rò pé ó lè sunkún nítorí mi. Mo wá la ẹnu, mo sọ fún gbogbo wọn pé bí yóò bá fi di Ọjọ́rú, n óò ti fi Àkúrẹ́ sílẹ̀.

Ọjọ́rú dé, ìwé ìrìnnà kò dé. Mo ti san owó fún ilé-iṣẹ́ kan tí ń gbé ìwé àti ẹrù kiri pé kí wọ́n gbé e wá fún mi láti Èkó, nítorí pé láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ni owó ọkọ̀ Èkó ti di ohun tí à ń rò lẹ́ẹ̀mejì. Mo pè wọ́n. Obìnrin tí ó dá mi lóhùn ní kí n fọkàn balẹ̀, ó ti dé Oǹdó. Inú mi dùn, nítorí pé Ìpínlẹ̀ Oǹdó náà ni mo wà. Mo dúró dè é títí di ọjọ́ kẹta. Mo tún pè, ọkùnrin kan ní òótọ́ ni, ó ti dé Oǹdó, àwọn tilẹ̀ ti wá ilé náà títí, àwọn kò rí i. Mo béèrè pé báwo ni wọn kò ṣe rí ilé tí ó wà létí títì gbangba? Ó ní kí n ṣe sùúrù.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni a fi ń sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí kí ó tó yé mi. Òpópónà Oǹdó ni ilé wa wà ní Àkúrẹ́, ohun tí mo sì kọ sílẹ̀ ni nọ́ńbà ilé, Òpópónà Oǹdó, Àkúrẹ́, Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹni tí ń pín ẹrù ní Èkó rí Oǹdó lẹ́ẹ̀mejì, ó rí Àkúrẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ṣe bí ẹni tí ń ka ìbò, ó sì dá ìlú Oǹdó láre. Nǹkan bí àádọ́ta kìlómítà péré ni ìwé mi wà sí mi ní gbogbo àkókò yẹn, tí wọ́n ń wá Òpópónà Oǹdó kiri nínú ìlú Oǹdó, bí ẹni pé wọn kò mọ̀ pé ibi tí ọ̀nà ń lọ ni à ń fi pè é. Òpópónà Àkúrẹ́ ni ó wà lọ́dọ̀ tiwọn! Ẹ̀yin tí ilé yín wà ní ojú ọ̀nà yìí, ẹ kọ Àkúrẹ́ ṣáájú, ẹ kọ ilé epo tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tí ó wà nítòsí, kí ẹ sì fi nọ́ńbà fóònù méjì sí i.

Láàárín ìgbà náà, ìròyìn mi ti gba ìgboro. Ẹni tí a jọ ṣiṣẹ́ olùkọ́ rí mi ní Ọjà Ọba, ó kígbe pé, "Tíṣà! Ṣé wọ́n dá ẹ padà ni?" Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ń sọ ọ́ ní Òkè-Àró pé láti pápákọ̀ òfurufú Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni wọ́n ti lé mi wálé. Ọ̀rẹ́ mi mìíràn pè mí, ó béèrè bí òtútù ibẹ̀ ti rí. Mo ní òtútù náà kò kéré. Bí mo ti ń sọ bẹ́ẹ̀ ni alágbàdo kan gba ẹ̀yìn fèrèsé kọjá, tí ó ń polówó ọjà rẹ̀ kíkan. Ìyá mi kò bá mi wí. Wọ́n kàn ń wo fìlà mi.

Ọ̀rẹ́ mi obìnrin kan tí a jọ kàwé ní FUTA, tí ó ń ṣe olùkọ́ ní Oǹdó, ni mo jẹ́wọ́ fún nígbẹ̀yìn. Kò wá sí àpèjẹ náà, mo sì ti dì í sínú. Ní ọjọ́ kejì ó lọ bá wọn ní ọ́fíìsì, ó rí àpò ìwé náà lórí kábọ́ọ̀dù, wọ́n ní ẹni tí ó ni ín ni kí ó wá. Mo wọ ọkọ̀ láàárọ̀. Ẹni tí ó kó o fún mi kò tọrọ àforíjì. Ó ní kí n san 3,000 náírà owó ìpamọ́. Mo san án. Físà wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi mú mi lọ sí búkà, ó ra iyán fún mi. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi wá. Ó ní owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ọjọ́ náà ni òun fi ra ìwé fún ọmọ òun tí ó ń wọlé sí kíláàsì tuntun. A jókòó níbẹ̀ ju wákàtí méjì lọ. Ibẹ̀ ni mo ti rántí pé nínú ẹni mẹ́tàlélógójì tí ó jẹun nílé wa, kò sí ẹnì kan tí mo bá jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Láti ìdí ìkòkò dé ẹnu géètì ni mo ń sáré.

Nítorí náà, mo tún ìdágbére ṣe. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gun ọ̀kadà láti ilé dé ilé, owó ọ̀kadà àti búrẹ́dì tí mo mú dání kò ju 28,000 náírà lọ. Àwọn kan fi mí rẹ́rìn-ín títí ojú fi ń tì mí. Ẹni tí ó béèrè òtútù ní kí n dá owó òun padà, lẹ́yìn náà ni ó fi 5,000 lé e. N kò dá ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Mo kàn ní kò ní pẹ́.

Ní ọjọ́ tí mo lọ, ọkọ̀ Èkó gba ìlú Oǹdó kọjá. Mo pe ọ̀rẹ́ mi pé mo ti ń kọjá lọ. Ó bi mí bóyá ìwé náà wà lọ́wọ́ mi. Mo fi ọwọ́ kan àpò mi kí n tó dá a lóhùn.