Bí ẹ ṣe lè wọn bí nǹkan ṣe jìnnà tó láìdé ibẹ̀, bí Bessel ṣe wọn ìràwọ̀

Ẹ na àtàǹpàkò yín síwájú, ẹ di ojú òsì, ẹ wo ibi tó bọ́ sí lára ògiri, kí ẹ wá la òsì kí ẹ di ọ̀tún. Ṣé ẹ rí i bó ṣe yẹ̀? Ìka ò kúrò lójú kan o, ibi tẹ́ ẹ ti ń wò ó ló yí padà. Ọgbọ́n tí Friedrich Bessel fi wọn ìràwọ̀ ní 1838 náà nìyẹn, onímọ̀ ìràwọ̀ ọmọ Jámánì tó jẹ́ pé ọmọ iṣẹ́ oníṣòwò ló jẹ́ tẹ́lẹ̀ ní Bremen, tó ń kọ́ ìṣirò fúnra ẹ̀.

Ẹ wá òpó iná kan tí òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wà lẹ́yìn ẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, kí òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yẹn jìnnà dáadáa, torí tí kò bá jìnnà ìṣirò yín á dàrú. Ẹ dúró síbi tí méjèèjì ti bo ara wọn, kẹ́ ẹ wá sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní mítà 5, téèpù ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n o, ẹ má fẹsẹ̀ méfò. Òpó iná á ti yà kúrò lára èkejì. Ẹ na ọwọ́ tán, ẹ fi ìka tó kéré jù wọn àlàfo yẹn, ìka kan tó bíi dígírì 1. Ẹ sọ mítà 5 di ìlọ́po 57, kẹ́ ẹ fi iye dígírì pín in. Tó bá gba ìka 5, mítà 57 ni òpó iná fi jìnnà sí yín.

Mítà 5 ò lè ran ìràwọ̀ ṣá. Ayé fúnra ẹ̀ ni Bessel gùn: tẹ́ ẹ bá wo ìràwọ̀ lónìí tẹ́ ẹ tún wò ó lẹ́yìn oṣù 6, ẹ ti fi bíi mílíọ̀nù 300 kìlómítà kúrò níbi tẹ́ ẹ wà. Kò mú ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù, 61 Cygni ló mú, tí ojú lásán ń fi agbára káká rí, torí wọ́n ti mọ̀ pé ó ń yára rìn láàárín àwọn tó kù, èyí tó sì ń yára rìn lójú wa ló ṣeé ṣe kó sún mọ́ wa. Irinṣẹ́ tí Fraunhofer, ọmọ Jámánì tó ń ṣe dígí awò, ṣe ló lò ní ìlú Königsberg, wọ́n la dígí ẹ̀ sí méjì, apá kọ̀ọ̀kan ń gbé àwòrán tiẹ̀ wá, ó máa wá rọra yí síkúrúù títí àwòrán 61 Cygni á fi gun orí ti ìràwọ̀ míì tó jìnnà lẹ́yìn ẹ̀, bíi ti òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yẹn, síkúrúù yẹn ló máa sọ àlàfo àárín wọn. Mo gba tọkùnrin yìí.

Ẹ gé dígírì kan sí 3,600, ẹ mú ẹyọ kan: ìdajì yíyẹ̀ tó rí ò ju 0.314 ẹyọ yẹn lọ. Ìràwọ̀ tí ìdajì yíyẹ̀ ẹ̀ bá jẹ́ ẹyọ kan gbáko, ọdún 3.26 ni ìmọ́lẹ̀ á fi sáré débẹ̀; torí náà, ẹ fi 0.314 pín 3.26, ẹ máa rí nǹkan bí 10.4, iye ọdún tí ìmọ́lẹ̀ á fi sáré débẹ̀. Ti òde òní jẹ́ 11.4. Thomas Henderson, onímọ̀ ìràwọ̀ míì, ti wo ìràwọ̀ Alpha Centauri ṣáájú Bessel láti Gúúsù Áfíríkà, àmọ́ ó jókòó lé iṣẹ́ ẹ̀, 1839 ló tó gbé e jáde.