Nígbà tí Medicare, ètò ìlera ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn àgbàlagbà ní pàtàkì, bá kọ̀ láti san owó ìgbàwọlé aláìsàn

Ìbéèrè: Aláìsàn sùn sí wọ́ọ̀dù fún ọjọ́ mẹ́ta, síbẹ̀ wọ́n ní a kò gbà á wọlé.

Ìdáhùn: Ẹ ka àṣẹ dókítà. Bó bá jẹ́ pé àkíyèsí ni wọ́n kọ (ìyẹn ìtọ́jú nígbà tí dókítà ṣì ń pinnu bóyá kí ó gba aláìsàn wọlé), kì í ṣe ìgbàwọlé, bó ti wù kí bẹ́ẹ̀dì náà rọ̀ tó.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí wọn kò fi san owó ilé ìtọ́jú àwọn nọ́ọ̀sì tí a gbé e lọ lẹ́yìn náà?

Ìdáhùn: Ìdí kan náà ni. Medicare ìpìlẹ̀ (èyí tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń san) ń fẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ìgbàwọlé tó tẹ̀ léra wọn, ọjọ́ tí aláìsàn lọ ilé kò sí lára rẹ̀, ọjọ́ àkíyèsí kò sì kà.

Ìbéèrè: Aláìsàn lo òru méjì, ṣùgbọ́n olùyẹ̀wò tó ń ṣàyẹ̀wò ìwé owó fún Medicare ní òru kan ni.

Ìdáhùn: Èyí ló fojú mi rí màbo. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2013 ni òfin ọ̀gànjọ́ òru méjì ti wà: bí dókítà bá ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání láti retí pé ìtọ́jú yóò kọjá ọ̀gànjọ́ òru méjì, ìgbàwọlé tọ́. Obìnrin kan wá bá wa ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Ajé, omi ti kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Àṣẹ ìgbàwọlé jáde ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó sì lọ ilé ní ọ̀sán Ọjọ́rú. Olùyẹ̀wò kà láti ìgbà tí àṣẹ jáde. Mo pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, mo kọ ojú ìwé mẹ́rin lórí bí àìsàn náà ti le tó, wọ́n dá a padà. Mo tún kọ ọ́, mo ní kí wọ́n kà láti agogo mẹ́sàn-án. Wọ́n ní ìjókòó nídìí ìdúródè kì í ṣe ìtọ́jú, wọn kò sì parọ́. Ìgbà kẹta ni mo tó wo ìwé oògùn àwọn nọ́ọ̀sì (ibẹ̀ ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀), mo sì rí i pé wọ́n ti fún un ní abẹ́rẹ́ tí ń fa omi kúrò lára ní agogo mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ìtọ́jú ní yàrá pàjáwìrì ṣáájú àṣẹ wà lára ohun tí dókítà lè kà mọ́ ìrètí rẹ̀. Dókítà náà sì ti kọ ìdí tó fi ń retí òru kejì sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n sanwó.

Ìbéèrè: Ṣé a lè yí ìgbàwọlé padà sí àkíyèsí fúnra wa?

Ìdáhùn: Rárá, ẹ má fọwọ́ kàn án. Dókítà inú ìgbìmọ̀ àyẹ̀wò ilé ìwòsàn ni yóò pinnu, dókítà tó ń tọ́jú aláìsàn yóò fara mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ yóò sì parí kí aláìsàn tó kúrò nílé ìwòsàn. Bó bá ti lọ, ẹ pe dókítà olùdámọ̀ràn yín kí ẹ tó fi ìwé owó kankan ránṣẹ́.