Bí mo ṣe gba alùpùpù lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ní Ṣábẹ̀ẹ́

Alùpùpù mẹ́ta ni ẹgbẹ́ olùtajà kajú wa ní, òṣìṣẹ́ márùn-ún ló sì ń fẹ́ ẹ. Àwọn tó kọ́kọ́ dé ẹnu iṣẹ́ ló wà lọ́wọ́ wọn, kò sì sẹ́ni tó bèèrè ìdí, àfi ìgbà tí iṣẹ́ yí padà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ìjọba orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti ní kí ẹnikẹ́ni má kó kajú tí a kò tíì fọ́ jáde nílùú mọ́. Àwọn tó ń fọ́ ọ nílé níbí la wá ń tà fún, wọn kì í sì í gba èyí tí kò gbẹ dáadáa lọ́wọ́ wa. Ọmọbìnrin tó ń lọ yẹ ibi tí àgbẹ̀ ń sá kajú sí wò ní Kaboua àti Offè wá di òpó iṣẹ́ wa, òun gan-an ló sì ń fi zẹ́mìjáàn, ìyẹn alùpùpù akérò, rìn.

Mo gbé ìwé kan sórí tábìlì: ibi tí o lọ, ohun tí o lọ ṣe, iye epo. Kí ẹnikẹ́ni tó kọ nǹkan kan sínú rẹ̀ ni mo ti sọ fún wọn pé òun la máa fi tún alùpùpù pín. Lójú tèmi, ìyẹn ṣe pàtàkì ju ìwé náà lọ. Òfin tí wọ́n bá ṣe lẹ́yìn tí wọ́n ti mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ fi mú, ẹ̀tanú ni.

Ìwé fi hàn pé alùpùpù ẹ̀gbọ́n tó ń bójú tó ilé ìkẹ́rù kì í kúrò ní ìgboro. Mi ò sọ ọ́ nípàdé. Ilé wọn ni mo lọ, mo kúnlẹ̀, mo ṣí ìwé náà síwájú wọn.

"Ìyàwó wa," ni wọ́n wí (Màdáámù ni wọ́n ń pè mí ní ọ́fíìsì), "ṣé o rí àbùkù nínú iṣẹ́ mi ni?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Oko ló ń pe alùpùpù báyìí."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá sọ ohun tí kò sí nínú ìwé. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá dé lóru, àwọn ló ń sáré lọ ṣílẹ̀kùn, kò sì sí zẹ́mìjáàn lásìkò yẹn. Òótọ́ ni. A gé kọ́kọ́rọ́ kejì: ọmọbìnrin náà ló ni alùpùpù lọ́sàn-án, àmọ́ bí awakọ̀ bá ti pè pé òun ń bọ̀ lóru, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ni alùpùpù náà ń sùn.

Inú wọn kò tíì dùn tán, ṣùgbọ́n wọn ò bá mi yodì.

Ẹni karùn-ún, tí kò rí gbà, ṣì ń kùn. Owó zẹ́mìjáàn ni mò ń fún un, inú ìwé kan náà la sì ń kọ ọ́ sí. Ó ní kì í tó bí òun bá ń lọ sí ọ̀nà jíjìn. Mo ti rí i nínú ìwé pé kì í tó lóòótọ́, mo sì ti fi kún un.