Igbá fífín Ọ̀yọ́: láti ẹnu ọ̀bẹ dé ọwọ́ oníbàárà orí íntánẹ́ẹ̀tì

Páálí ló ń jẹ èrè ẹni tó ń ta igbá fífín fún ará òkèèrè ju ohun gbogbo lọ. Igbá fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó gba àyè. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kó ẹrù lọ sókè òkun, bíi DHL àti FedEx, kì í wo òṣùwọ̀n nìkan. Wọ́n á wọn gígùn páálí, fífẹ̀ rẹ̀ àti gíga rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, wọ́n á sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ìlọ́po ara wọn, wọ́n á sì fi 5,000 pín in. Èyí tó bá ga jù, nínú kílò tí wọ́n rí níbẹ̀ àti kílò tí òṣùwọ̀n sọ, ni wọ́n ń gbowó lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é wò. Ààbọ̀ igbá tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, tó jìn ní 15, tí a fi fóòmù sẹ̀ǹtímítà 5 yí ká lọ́tùn-ún lósì, lókè nísàlẹ̀, máa gba páálí 40 × 40 × 25. Ìyẹn jẹ́ 40,000. Ẹ fi 5,000 pín in, ó di kílò 8, bẹ́ẹ̀ igbá náà fúnra rẹ̀ lè má tó kílò kan. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ ti mọ páálí tí igbá máa wọ̀ kí ọ̀bẹ tó kàn án. Bí ẹ bá fín mẹ́ta tó ń wọnú ara wọn, ti 30, ti 22 àti ti 15, inú páálí kan náà ni wọ́n máa wà, kílò 8 náà ni wọ́n máa jẹ́, oníbàárà á sì fi owó ọkọ̀ igbá kan gba mẹ́ta. Ahá kékeré àti àdó náà dára fún ọjà òkèèrè. Igbá ńlá tó ní ìdérí, irú èyí tí wọ́n fi ń kó ẹrù ìyàwó, ilé ni kí ẹ tà á sí.

Yíyan igbá

Yálà ọjà Akẹ̀sán l’Ọ́yọ̀ọ́ lẹ ti ń ra igbá òfìfo ni o, tàbí ọwọ́ àgbẹ̀ tààrà, ìka ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kàn án. Igbá tó gbó, tó sì gbẹ máa ń dún gbọin-gbọin, kóró inú rẹ̀ á sì máa mì bí ẹ bá gbọ̀n ọ́n. Èyí tí wọ́n já ní tútù kò ní dún bẹ́ẹ̀. Bó bá gbẹ tán, ara rẹ̀ á hunjọ, kò sì sí ọnà tó lè bo ìyẹn. Ẹ wo ara rẹ̀ bóyá ihò kòkòrò wà níbẹ̀. Ihò kan tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ tó láti jẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ bodè òkèèrè dá ẹrù yín dúró.

Fún ọnà tó jinlẹ̀, ẹ wá igbá tí èèpo rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 5 sókè. Èyí tó bá fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ẹ kàn fá èèpo òkè rẹ̀ kí funfun yọ, ẹ má gbẹ́ ẹ wọlé.

Láti là á, ẹ gbé pẹ́ńsù lé orí búlọ́ọ̀kù tàbí ìwé tó ga dé àárín igbá, kí ẹ mú pẹ́ńsù dúró gírí, kí ẹ sì máa yí igbá. Ìlà náà á tẹ́jú yípo. Ayùn tín-ín-rín ni kí ẹ fi là á. Àdá máa ń sán an. Ẹ kó kóró kúrò, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, kí ẹ wá fi etí ṣíbí ha inú rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù. Ẹ má ṣe ha á ní gbígbẹ láìbo imú, torí eruku igbá máa ń ta èèyàn nímú, ó sì ń fa ikọ́. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n máa fi jẹun tàbí mumi, ẹ bu omi gbígbóná sínú rẹ̀, kó wà níbẹ̀ mọ́jú, kí ẹ dà á nù, kí ẹ tún òmíràn bù, títí omi náà kò fi ní korò lẹ́nu mọ́. Ìkorò yẹn kì í ṣe ohun à ń fojú fò, ó lè da inú rú.

Inú ibòji ni kí ẹ ti kọ́kọ́ gbẹ ẹ́. Igbá tútù tí wọ́n sá sí oòrùn ọ̀sán gangan máa ń là láti ẹnu wá, nítorí pé ẹnu ló ń yára gbẹ tó sì ń sún kì, nígbà tí ìdí ṣì tutù.

Fífín in

Okùn la fi ń pín igbá, kì í ṣe ojú. Ẹ fi okùn tín-ín-rín yí ẹnu rẹ̀ ká, ẹ gé e níbi tó ti pàdé, ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì lẹ́ẹ̀mẹta. Ìpín mẹ́jọ tó dọ́gba lẹ ní lọ́wọ́ yẹn, kí ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí i. Fífi ojú wọ̀n ọ́n ló ń jẹ́ kí ọnà dé ìparí láìpàdé ara rẹ̀, oníbàárà á sì rí i nínú fọ́tò.

Ẹ kọ́kọ́ fín ìlà méjìméjì tó yí igbá ká, nítorí àwọn ni wọ́n ń di ọnà yòókù mú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fín àwòrán: aláńgbá, ejò, ẹyẹ, tàbí ìlà tó ń kọjá lára ara wọn. Ẹ gé etí àwòrán tán kí ẹ tó fá ilẹ̀ tó yí i ká. Bí ẹ bá kọ́kọ́ fá ilẹ̀, ọ̀bẹ á yọ̀ wọ inú àwòrán, kò sì sí bí a ṣe ń dá èèpo padà. Jíjìn mìlímítà kan ti tó. Ọ̀bẹ kékeré tí wọ́n fi irin ayùn rọ dára gan-an, ẹ pọ́n ọn lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, torí ọ̀bẹ tó kú ló ń mú kéèyàn fi agbára tì í, agbára yẹn ló sì ń gé èèyàn lọ́wọ́. Bí èèpo bá ń fọ́ kéékèèké lẹ́nu ọ̀bẹ, igbá ti gbẹ jù. Ẹ fi aṣọ tútù wé e fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ tó máa bá a lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ìlà hàn, ẹ po èédú tí ẹ lọ̀ kúnná mọ́ òróró díẹ̀, ẹ fi pa á, ẹ sì nù ún kúrò lójú ẹsẹ̀. Òrí ni ká fi pa igbá tí wọ́n máa fi jẹun. Fáníìṣì dára fún èyí tí wọ́n máa fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ilé nìkan. Ẹ fín orúkọ yín àti ọdún sí ìdí rẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ á hàn nígbà tó bá kan ìwé.

Iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ yín fún ìgbéyàwó gba ìṣọ́ra kan sí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ tọkọtaya ránṣẹ́ pẹ̀lú àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sára igbá, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, kí ẹ sì béèrè pé: “Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yẹ orúkọ yìí wò kí ọ̀bẹ tó kàn án.” Ẹ dúró de èsì. Ààbọ̀ owó ló yẹ kó ti wọlé nígbà yẹn.

Fọ́tò, orúkọ àti owó

Òwúrọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ya fọ́tò, lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, lórí aṣọ tí kò ní ọnà. Ẹ nu ojú kámẹ́rà fóònù, ẹ pa iná rẹ̀, torí fáníìṣì á tàn padà. Ẹ ya ẹ̀gbẹ́, inú, ìdí àti etí rẹ̀, ẹ ya ọwọ́ tó dì í mú kí títóbi rẹ̀ lè hàn, kí ẹ sì ya àbùkù tó bá wà lára rẹ̀ láìfi pamọ́.

Bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ la ṣe ń bá a pè é. Ẹ má kọ “igbá tó rẹwà, ẹ kàn sí wa”. Ẹ kọ fífẹ̀ àti jíjìn rẹ̀, ohun tí ẹ fi pa á, bóyá ó ṣeé fi jẹun, orúkọ ọnà ara rẹ̀, àti pé Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti fín in. Bó bá jẹ́ pé ẹ ó tún irú rẹ̀ fín, ẹ sọ pé ó lè fi sẹ̀ǹtímítà kan tóbi tàbí kéré sí i, nítorí oko ló ti wá.

Ìṣirò owó rèé, àpẹẹrẹ lásán ni o. Igbá òfìfo ₦2,500. Òrí, èédú àti sánpépà ₦800. Wákàtí 10 ní ₦1,200 wákàtí kan, ₦12,000. Páálí àti fóòmù ₦1,500. Dátà àti owó báńkì ₦1,000. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦17,800. Ẹ fi ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan, ₦4,450, lé e bí èrè: ₦22,250. Ẹni tí kò bá ka wákàtí rẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀fẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ fún oníbàárà. Owó ìfiránṣẹ́ kò sí níbẹ̀. Ẹ dá a kọ sọ́tọ̀.

Dídì í àti ìwé rẹ̀

Igbá tí ẹ bá dì ní tútù máa bu kó tó dé. Ẹ wọ̀n ọ́n lónìí, ẹ sá a fún ọjọ́ méjì, ẹ tún un wọ̀n. Bí òṣùwọ̀n bá ṣì ń já wálẹ̀, kò tíì gbẹ. Bébà ni kí ẹ kọ́kọ́ fi wé e, ọ̀rá kò dára fún un, torí ó ń ti ọ̀rinrin mọ́ inú. Fóòmù ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà páálí. Ẹ gbọ̀n ọ́n: bó bá mì nínú, kò tíì dì. Ìlànà yìí kan náà ló wà fún èyí tí ẹ bá fi waybill sínú ọkọ̀ ní gáráàjì, torí wọ́n á gbé ẹrù mìíràn lé e lórí.

Fún òkè òkun, ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ Nigeria Agricultural Quarantine Service, àjọ ìjọba tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò kó tó jáde, nítorí èso ohun ọ̀gbìn ni igbá. Ẹ rí i pé kóró kan kò ṣẹ́ kù sínú rẹ̀. Ẹ má fi èéfín pa igbá tuntun láró kí ẹ máa pè é ní ti ayé àtijọ́: òfin kò gbà kí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde ní Nàìjíríà láìsí àṣẹ NCMM, ìyẹn àjọ tó ń bójú tó ilé ọnà orílẹ̀-èdè wa. Ọdún tí ẹ fín sí ìdí rẹ̀ ló máa jẹ́rìí pé tuntun ni.

Kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀ lórí ojúlé ọjà òkèèrè kankan, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń san owó sí báńkì Nàìjíríà, ẹ sì ṣí àkáǹtì dọ́là.

Bí wọ́n bá ní ó fọ́ lọ́nà, ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò páálí, fóòmù àti igbá náà ránṣẹ́ lọ́jọ́ tó dé gan-an. Bí páálí bá tẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó gbé e lẹ máa bá sọ̀rọ̀. Bí páálí bá le dáadáa tí igbá sì là láti ẹnu, a jẹ́ pé gbígbẹ ló kù díẹ̀ káàtó. Ẹ fín òmíràn fún wọn, kí ẹ sì dá àwọn tó kù nínú ìdì yẹn padà sí ibòji kí ẹ tó tà wọ́n.