Ẹ jẹ́ kí n dé etí: bí mo ṣe hun súwẹ́tà ọmọ àbúrò mi

Nínú oṣù Kẹwàá ni àbúrò mi obìnrin pè mí láti Jọ́s pé oṣù Kejìlá ni ìkúnlẹ̀ òun. Òtútù ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ìlú Jọ́s ga tó bíi 1,200 mítà ju òkun lọ. Tí ọyẹ́ bá dé, àgbà gan-an ń gbọ̀n níbẹ̀, ká má tíì sọ ti ìkókó. Mo ní èmi ni màá hun súwẹ́tà tí ọmọ náà máa kọ́kọ́ wọ̀. Ìgbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ ni mo tó rántí pé ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́rùn mi, àti iṣẹ́ olùkọ́ tó ń gbé mi kúrò nílé ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀.

Mo gba Dùgbẹ̀ lọ ra òwú, funfun bíi mílíìkì. Mo fẹ́ràn àwọ̀ tó dúdú, àmọ́ wọ́n sábà máa ń mú iná lọ lálẹ́, lábẹ́ lámpù, èèyàn kì í rí ojú òwú dúdú dáadáa. Abẹ́rẹ́ mílímítà 4 ni mo lò. Mo kọ́kọ́ hun ègé kékeré kan, mo fi rúlà wọ̀n ọ́n: ojú 20, ìyẹn ìkọ́ òwú kéékèèké orí abẹ́rẹ́, jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10.

Ọnà tí mo yàn ló ràn mí lọ́wọ́ jù. Mo mọ àwọn ọnà tó lẹ́wà, tó ń lọ́ bí irun dídì, ṣùgbọ́n wọ́n ń béèrè kíkà, ta ló sì lè kà nígbà tí ọmọ ń pè é ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún? Nítorí náà, mo mú èyí tí a ń hun bákan náà ní àlọ àti àbọ̀. Ìlà méjì á wú sókè bí ebè oko kan. Tí mo bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ bá ẹni tó ń sunkún, tí mo padà dé, mo kàn ń ka ebè ni, mo ti mọ ibi tí mo dé. Ẹ̀yìn súwẹ́tà jẹ́ ojú 48 àti ebè 48, igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dọ́gba. Mo fi ebè mẹ́fà sí ojúmọ́ kan. Ọjọ́ mẹ́jọ ló gbà mí.

Ẹ̀yìn yìí kì í kúrò nílé. Apá, tó kéré, ló ń bá mi jáde nínú báàgì, mo fi àpò ìrọ̀rí tó mọ́ wé e. Mo ń hun ún níbi tí mo ti ń dúró de àwọn ọmọ ní lẹ́sìnnì. Ní ọjọ́ tí a bá se ẹ̀wà, mo máa ń hun ebè tó pọ̀, nítorí ẹ̀wà kò ṣeé kánjú.

Òfin kan ni mo fún ilé: mi ò ní dìde láàárín ìlà. Tí abẹ́rẹ́ bá wà láàárín, ojú á máa yọ, ibẹ̀ á sì rí fẹ̀rẹ̀gẹ̀ títí ayé. “Ẹ jẹ́ kí n dé etí,” ni mo máa ń sọ. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ fi ń bi mí pé, “Mọ́mì, ṣé ẹ ti dé etí?” kí wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n fẹ́.

Àbígbẹ̀yìn ò tíì mọ òfin. Lọ́jọ́ kan ó fa abẹ́rẹ́ yọ, ojú 11 sì já bọ́. Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n ní, “Ìyàwó mi, má fà á. Gbé e wá.” Wọ́n ti kọ́ híhun ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tiwọn. Wọ́n kó ojú náà padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láìwo dígí. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti gba apá kejì lọ́wọ́ mi. Mo dúpẹ́ gan-an, torí n kì bá tí bá ọjọ́.

Iwájú ló fún mi ní wàhálà. Aago mọ́kànlá alẹ́, oorun ti ń kùn mí, mo ṣe ihò bọ́tìnnì sí ẹ̀gbẹ́ òsì àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló yẹ kó ní in. Àárọ̀ ni mo tó rí i. Títú rẹ̀ á gba ọjọ́ mẹ́rin, mi ò sì ní ọjọ́ mẹ́rin. Mo wá rán bọ́tìnnì lé orí ihò ẹ̀gbẹ́ kan gan-an, ó bò ó pátápátá. Mo rán an le dáadáa, kí ọmọ má baà já a sẹ́nu. Lẹ́yìn ìyẹn, tí aago mẹ́wàá bá ti lù, mo ń kó abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

Mo fi súwẹ́tà náà ránṣẹ́ ní páàkì, ó kù ọjọ́ mọ́kànlá kí wọ́n bí ọmọ. Àbúrò mi fi fọ́tò ìkómọjáde ránṣẹ́ sí mi. Súwẹ́tà náà wà lọ́rùn ọmọ, wọ́n ká apá rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí ìyá ọkọ mi hun fi ebè méjì gùn ju tèmi lọ.