Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Jẹ Owó Àwọn Tó Ń Ra Trainer Kẹ̀kẹ́ Sílé ní Èkó

Ó máa ń dùn mí gan-an bí ẹnì kan bá fi owó òógùn ojú rẹ̀ ra ohun tí kò ní lè lò. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe ní Sùúrùlérè, àwọn oníbàárà máa ń gbé trainer (ẹ̀rọ tí wọ́n ń so kẹ̀kẹ́ mọ́ kí wọ́n lè gùn ún lójú kan nínú ilé) wọlé nínú páálí tí wọn kò tíì já, wọ́n á ní, "Ẹ bá wa so ó mọ́ kẹ̀kẹ́ o." Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kò wọ trainer, ẹni tó tà á kò gba ọjà padà, owó ti lọ.

N kò bá ẹnikẹ́ni wí pé ó fẹ́ máa gun kẹ̀kẹ́ nínú ilé. Ẹni tó bá ti bá dánfó àti tírélà du títì ní Ọjọ́ọ̀ta rí, tàbí tó ti bọ́ sínú kòtò tí omi òjò bò mọ́lẹ̀, mọ̀ pé ọgbọ́n ni. Ìkánjú ni mò ń bá yín jà sí. Ẹ rí fọ́tò lórí fóònù, ẹ béèrè pé èló ni, ẹ ti sanwó.

Èkíní: Ẹ̀ ń yẹ trainer wò, ẹ kò yẹ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ yín wò

Èyí ló ń bí mi nínú jù, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa.

Bó bá jẹ́ trainer tí táyà ń yí lórí irin róbótó ni, àṣìṣe ibẹ̀ kò pọ̀. Direct drive ló ń dá ìjà sílẹ̀, èyí tí ẹ máa tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kúrò, tí ṣéènì yóò wọ kásẹ́ẹ̀tì (àkójọ àwo gíà ẹ̀yìn) tó wà lára trainer fúnra rẹ̀. Ibi méjì ló gbọ́dọ̀ bá kẹ̀kẹ́ yín mu: fífẹ̀ ẹ̀yìn férémù, àti irú gíà tí ẹ ń lò.

Ẹ tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ yín, ẹ mú rúlà, ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì tó di ẹsẹ̀ náà mú, láti inú sí inú. Kẹ̀kẹ́ eré ìje àtijọ́ tó ń lo bíréèkì onírọ́bà sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 130. Kẹ̀kẹ́ orí òkè àtijọ́ jẹ́ 135. Àwọn tuntun tó ń lo bíréèkì onídíìsì àti thru axle (ọ̀pá tó gba àárín ẹsẹ̀ kọjá) jẹ́ 142, ọ̀pá wọn sì nípọn tó mìlímítà 12. Èyí tí wọ́n ń pè ní Boost jẹ́ 148. Ọ̀pọ̀ direct drive máa ń kó adapter, irin kékeré tó ń mú trainer bá fífẹ̀ férémù mu, ti 130, 135 àti 142 dání nínú páálí. Ti 148 lè jẹ́ ohun tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan láti Ìkòyí ní kí ọmọ ìyá òun tó ń bọ̀ láti London gbé direct drive bọ̀. Ẹrù yẹn wúwo, wọ́n sanwó lé e ní pápákọ̀ òfuurufú. Kẹ̀kẹ́ orí òkè ni ẹ̀gbọ́n náà ní, Boost sì ni. Nígbà tí a já páálí, adapter 148 kò sí níbẹ̀. A wá a káàkiri Èkó, a kò rí i. Trainer náà wà nínú pálọ̀ wọn, wọ́n ń fi aṣọ bò ó, títí ẹlòmíì fi rí ọ̀nà mú irin kékeré náà wá láti òkè òkun. Bí ẹ̀gbọ́n bá ti fi nọ́ńbà kan péré ránṣẹ́ sí mi kó tó sanwó, gbogbo rẹ̀ kì bá tí ṣẹlẹ̀.

Ó ku gíà. Ẹ ka iye àwo gíà tó wà lẹ́yìn. Ibi tí kásẹ́ẹ̀tì ń jókòó sí lára ọ̀pọ̀ trainer jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní HG, ti Shimano tó ń ṣe gíà, ó ń gba gíà 8 títí dé 11. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún 11 ti kẹ̀kẹ́ eré ìje, kásẹ́ẹ̀tì 8, 9 tàbí 10 nílò wáṣà mìlímítà 1.85 lẹ́yìn rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò máa mì jágijàgi, ẹ ó sì máa rò pé trainer ti bàjẹ́. Gíà 7 tún nílò wáṣà 4.5 kún un. Kásẹ́ẹ̀tì XDR ti SRAM, ilé iṣẹ́ gíà mìíràn, àti Micro Spline ti Shimano ní ibùjókòó tiwọn, wọn kò lè gun HG.

Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ àti èyí tówó rẹ̀ kò pọ̀ kò tilẹ̀ ní kásẹ́ẹ̀tì, freewheel ni wọ́n ní, àkójọ gíà tí wọ́n ń yí mọ́ ara ẹsẹ̀ bíi nọ́ọ̀tì. Ẹ lè mọ̀ láìtú nǹkan kan. Ẹ di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú, ẹ fi ọwọ́ yí àwọn àwo gíà náà sẹ́yìn. Ẹ tẹjú mọ́ àárín gbùngbùn, níbi eyín wẹ́wẹ́ tí irinṣẹ́ ń kọ́ láti tú u. Bí ibẹ̀ bá ń bá gíà yí, kásẹ́ẹ̀tì ni. Bí gíà bá ń yí tí ibẹ̀ dúró gbọin-gbọin, freewheel ni, kò ṣeé ṣí lọ sórí trainer. Ẹ ó ra kásẹ́ẹ̀tì mìíràn tó bá iye gíà yín mu, tàbí kí ẹ gba trainer tí táyà ń yí lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ direct drive kì í sì í bá kásẹ́ẹ̀tì wá, nítorí náà ẹ fi owó rẹ̀ sínú ìṣirò.

Ìkejì: Táyà oníkókó

Táyà orí òkè tó ní kókó gìrìgìrì kò yẹ irin trainer. Ariwo rẹ̀ dà bí ẹ̀rọ ìlọta, ó ń mi gbogbo ilé, kókó náà sì ń jẹ tán kíákíá. Táyà tó jọ̀lọ̀ ni kí ẹ fi sí i, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì jẹ́ iye kan náà nígbà gbogbo, torí bí afẹ́fẹ́ bá yàtọ̀, nọ́ńbà agbára tí ẹ ń rí lójú fóònù á yàtọ̀.

Ìkẹta: Ẹsẹ̀ oní-nọ́ọ̀tì

Bó bá jẹ́ nọ́ọ̀tì lásán ló de ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yín, ẹ ra nọ́ọ̀tì tí wọ́n ṣe fún trainer. Ẹ má fi òòlù gbá a wọlé.

Ọ̀rọ̀ iná wá ńkọ́? Èkó la wà. Smart trainer ń fi iná mànàmáná pinnu bí pẹ́dà ṣe máa le tó. Bí iná bá lọ ní àárín ìdánrawò, ọ̀pọ̀ nínú wọn á já kúrò lára fóònù, pẹ́dà á sì fúyẹ́ lójijì. Trainer tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì tàbí epo tó wà nínú rẹ̀ mú pẹ́dà le kò nílò iná rárá, ó sì tó fún ẹni tó kàn fẹ́ làágùn lówùúrọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Tacx Neo ń rí iná rẹ̀ láti inú pẹ́dà tí ẹ ń wà, àmọ́ owó rẹ̀ ga. Fún ẹni tó ní ínfátà, ẹ fọkàn balẹ̀: smart trainer kì í gba iná bíi treadmill.

Ẹ sì ka ara adapter iná kí ẹ tó kì í bọ sókẹ́ẹ̀tì. "100-240V" ni kí ẹ rí níbẹ̀. Àbúrò kan ní Yábàá ra kẹ̀kẹ́ ìdánrawò tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, 120V nìkan ni wọ́n kọ sí i. Iná tiwa jẹ́ 230V. Èéfín ló kọ́kọ́ jáde, òórùn rọ́bà jíjó tẹ̀lé e. Ọlọ́run ló yọ ilé náà.

Ẹni tí kò ní kẹ̀kẹ́ rárá, ẹ jọ̀ọ́, spin bike, kẹ̀kẹ́ ìdánrawò tó dúró lójú kan, ni kí ẹ rà.

Tòkunbọ̀ kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má rà á lórí fọ́tò. Ẹ lọ bá a níbi tó wà. Ẹ fi ọwọ́ yí irin rẹ̀, ẹ dákẹ́, ẹ gbọ́ bẹ́ríǹgì: bó bá ń pariwo, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ fi ìka nu abẹ́ èyí tó ń lo epo, kí ẹ mọ̀ bóyá ó ń jò. Smart trainer, ẹ so ó mọ́ fóònù yín níbẹ̀, kó yí pẹ́dà le kó sì dẹ̀ ẹ́, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Áàpù tí ẹ ó máa fi lo smart trainer lórí fóònù náà ń jẹ owó o. Zwift ti di dọ́là 19.99 lóṣù láti 2024. Ọ̀fẹ́ ni MyWhoosh.

Ẹni tó ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ ra ẹní rọ́bà tó nípọn sábẹ́ rẹ̀. Mímì ilẹ̀ ilé ló ń lọ bá ará ìsàlẹ̀, bí ẹ̀yin kò bá tilẹ̀ gbọ́ ariwo.

Mo ń rí àwọn tó ra trainer olówó ńlá tí wọn kò ní fáànù. Nínú agbára tí ara ń jó, bíi ìdá mẹ́rin kan péré ló ń dé pẹ́dà, ìyókù ń di ooru. Lójú títì, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ. Nínú yàrá ní Èkó, níbi tí afẹ́fẹ́ ti kún fún omi, òógùn kò gbẹ, ọkàn ń sáré, ẹ ó sì rò pé ẹ kò lágbára mọ́. Fáànù onídùúró tó ń fẹ́ sí àyà àti ojú ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kẹ́ẹ tó ronú smart rárá.

Òógùn yẹn náà sì ń bọ́ sórí kẹ̀kẹ́. Iyọ̀ inú rẹ̀ ń jẹ irin. Mo tú kẹ̀kẹ́ kan fún oníbàárà kan ní Èbúté Mẹ́ta, nọ́ọ̀tì tó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú ti dípẹtà débi pé orí rẹ̀ fọ́ nígbà tí mo fi kọ́kọ́rọ́ sí i, dríìlì ni a fi lu ú jáde. Ẹ ta táwẹ́lì sórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ àti òpó òkè nígbà tí ẹ bá ń gùn ún. Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀, ẹ fi aṣọ tútù nu ibẹ̀, ẹ tún fi èyí tó gbẹ nù ún, kí ẹ sì máa tú nọ́ọ̀tì wọ̀nyẹn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti fi gírísì sí wọn.